Nígbà Tí Ẹbí Ní Kì Í Ṣe Ohùn Ìyá: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Lórí Kásẹ́ẹ̀tì Mẹ́rin Láti Ọ̀fà

Ìbàdàn ni akéwì tí ọ̀ràn yìí kàn ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀fà ni. Ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ, lẹ́nu wọn ló sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ewì, kó tó mọ̀ rárá pé ẹnì kan ń jẹ́ akéwì. Ìyá Àgbà kì í ṣe ẹni tó ń kì ènìyàn gbowó lóde. Ìyàwó ilé ni wọ́n, irú èyí tí agboolé kọ̀ọ̀kan máa ń ní méjì mẹ́ta nígbà náà. Bí ọmọ bá jí, wọ́n á kì í. Bí àlejò bá dé, wọ́n á fi oríkì ilé rẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá ń pa ẹ̀gúsí, oríkì ni wọ́n fi ń ti iṣẹ́ náà síwájú, ọmọ-ọmọ wọn yìí a sì jókòó tì wọ́n, a máa bá wọn gbe ìparí ìlà. Nígbà tó dàgbà tó ń kéwì lórí ìtàgé àti lórí rédíò, àwọn ará ilé kò yé sọ pé ẹnu Ìyá ló ń lò.

Nígbà tó ku ọdún kan kí ìrántí ọdún kẹwàá ikú Ìyá Àgbà pé, ó pinnu pé òun yóò ṣe àwo ewì ológójì ìṣẹ́jú fún wọn, ohùn Ìyá fúnra wọn yóò sì wà nínú rẹ̀. Ohùn náà wà nílẹ̀. Ọmọ wọn kan tó jẹ́ tíṣà ti fi rẹ́kọ́dà kékeré gbà á sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, sínú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí wọ́n kó sínú agolo bisikíìtì, tí wọ́n sì gbé sórí àjà ilé ìdáná. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ tí agolo náà sọ̀kalẹ̀ títí di ọjọ́ tí àwo ewì jáde ni a kọ síhìn-ín, fún àwọn akéwì, àwọn olórin, àti àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ. Irú agolo bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ nílé wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a rí wọn náà ni a ń bà wọ́n jẹ́.

Ohun tó wà nínú agolo

C-60 kan ló wà níbẹ̀, C-90 méjì, àti C-120 kan. Àpapọ̀ ìṣẹ́jú ojú méjèèjì ni nọ́ńbà yẹn dúró fún. Ìbú téèpù inú gbogbo wọn dọ́gba, 3.81 mílímítà, ìyára tó yẹ kí wọ́n máa rìn náà sì dọ́gba, 4.76 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ilé-iṣẹ́ Philips ṣe fi lélẹ̀ nígbà tí wọ́n mú kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963. Nínípọn ni wọ́n fi yàtọ̀. Kí wákàtí méjì tó lè wọ inú ike kan náà, téèpù C-120 gbọ́dọ̀ tín-ín-rín gan-an, nǹkan bí 9 micron (ẹgbẹ̀rún micron ló wà nínú mílímítà kan), nígbà tí ti C-90 jẹ́ 12, tí ti C-60 sì tó 16 sí 18. Téèpù tín-ín-rín ló máa ń kọ́kọ́ kó sẹ́nu ẹ̀rọ.

Akéwì náà kò mọ èyí. C-120 ló kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni wọ́n kọ orúkọ Ìyá sí lára gàdàgbà. Ó ra ẹ̀rọ kékeré kan tí ń so kásẹ́ẹ̀tì mọ́ kọ̀ǹpútà, ó kì í bọ̀ ọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ohùn fi lọ́, tí ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ téèpù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó wà nítòsí fa kásẹ́ẹ̀tì náà yọ tagbáratagbára. Téèpù tó gùn tó ọwọ́ kan rún, ó sì já níbì kan.

Ohun tó fà á ni pé téèpù tó ti jókòó lójú kan fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ìdì téèpù tó yẹ kó máa gba téèpù sára kò yí geere, téèpù rọ̀ sílẹ̀, rọ́bà tó ń tì í síwájú sì wé e mọ́ra. Kí a tó tẹ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ èyíkéyìí, ọwọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ fi yí i. Bíírò oníhà mẹ́fà, irú ti Bic, ń bá eyín àárín kásẹ́ẹ̀tì mu. Ká fi yí i lọ díẹ̀, ká yí i bọ̀ díẹ̀, títí tí kò fi ní le mọ́. Lẹ́yìn náà ká fi ẹ̀rọ yí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ká tún yí i padà, láìgbọ́ ohunkóhun. Ìgbà yẹn ni ó tó ṣe é gbọ́. Bí ẹ̀rọ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ téèpù, ká pa iná rẹ̀, ká ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, ká fi ọwọ́ yí rọ́bà náà padà sẹ́yìn kó lè pọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Fífà ni kò dára.

Ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n gbé ọ̀ràn náà lọ lẹ́yìn èyí, ohun tí oníṣẹ́ náà sì kọ́kọ́ ṣe kò gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó ṣẹ́ eyín ike kéékèèké méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ kankan má baà lè gba ohùn mìíràn lé e lórí. Kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún tí agolo yẹn fi wà lórí àjà. Ojú B ọ̀kan nínú àwọn C-90 ti di ìròyìn eré bọ́ọ̀lù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí Ìyá Àgbà sọ sójú yẹn ti lọ pátápátá, kò sí ẹ̀rọ tó lè dá a padà.

Kásẹ́ẹ̀tì méjì ti bu, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ti hù létí téèpù wọn. Ẹnì kan nínú ilé ní kí a sá wọn sóòrùn. A kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Oòrùn a máa tẹ ike, a máa sọ téèpù di gbágungbàgun. Inú ike oníbàámù, irú èyí tí à ń kó oúnjẹ sí, ni oníṣẹ́ náà kó wọn sí, pẹ̀lú àpò kéékèèké tí ń fa omi mọ́ra, èyí tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun. Wọ́n wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí ìbu náà gbẹ, ó fi ìbòmú bo imú, ó jókòó síta gbangba, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n dànù. Téèpù tó bu kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀rọ kí a tó ṣe èyí, nítorí ìbu rẹ̀ yóò dúró lórí ẹ̀rọ, yóò sì ran èyí tí kò bu.

Tìmùtìmù kékeré tó wà láàárín ẹnu kásẹ́ẹ̀tì, tó máa ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ, ti bọ́ nínú C-60. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ló gbẹ. Bí tìmùtìmù yìí kò bá sí, ohùn á máa wọlé á máa jáde, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò sì rò pé téèpù ló bàjẹ́. Oníṣẹ́ náà ra kásẹ́ẹ̀tì tuntun tó ní ìdè márùn-ún, ó tú u, ó sì gbé ìdì téèpù àtijọ́ sínú rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún C-120 náà, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ so ibi tó já. Ó gé etí méjèèjì ní ìdagun dígírì 45, ó jẹ́ kí wọ́n kanra láìgunra wọn, ó sì fi téèpù ìsopọ̀ tí wọ́n ṣe fún kásẹ́ẹ̀tì lẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀yìn, ìyẹn ojú tí kì í kan orí ẹ̀rọ. Sẹ́lótéèpù lásán kò dára fún un. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń yọ́ jáde nínú ooru, á sì lẹ ìdì téèpù mọ́ra wọn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni wọ́n tó gbé ohùn wọ kọ̀ǹpútà. Oníṣẹ́ náà fi òwú àti isopropyl 99%, ìyẹn ọtí tí a fi ń nu ẹ̀rọ, nu orí ẹ̀rọ. Ó fi tọ́náfísì yí ìdè kékeré ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀ fún kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, títí tí àwọn ìró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí «s» àti «ṣ» fi mọ́ jù lọ, nítorí pé bí orí rẹ́kọ́dà tó gba ohùn ṣe dúró lórí téèpù ló yẹ kí ti ẹ̀rọ tó ń kà á náà dúró. Ó pa Dolby, ìyẹn ètò inú ẹ̀rọ tí ń dín ariwo téèpù kù, níwọ̀n bí rẹ́kọ́dà kékeré bẹ́ẹ̀ kò ti ní in. Ó gbà á ní 96 kHz, 24 bit, sí fáìlì WAV, èyí tó ń gba nǹkan bí gígábáìtì méjì fún wákàtí kan. Kò yọ ariwo kankan kúrò nínú fáìlì yìí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyẹn. Wọ́n á ní àwọn ń fọ ohùn mọ́, wọ́n á fọ ìró adìyẹ, ìró odó àti ìró ìlẹ̀kùn dànù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun tó gba ọ̀ràn yìí là wà nínú ariwo náà.

«Ẹ pa á»

Akéwì náà gbé àwọn fáìlì lọ sí Ọ̀fà kí àwọn ọmọ Ìyá lè gbọ́ wọn. C-60 dùn mọ́ gbogbo wọn. Nígbà tó kan ojú A ti C-90 kejì, níbi tí Ìyá Àgbà ti ń ki àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, «Ẹ pa á. Kì í ṣe Màmá nìyí.» Àwọn tó kù gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ohùn náà tín-ín-rín, ó ń sáré, ó jọ ti ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún. Ẹnì kan ní ìyàwó agboolé kejì ni. Ojú téèpù yìí ló ṣe pàtàkì jù fún akéwì náà, nítorí oríkì tirẹ̀ gan-an wà níbẹ̀, ó sì fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ.

Oníṣẹ́ ẹ̀rọ kọ́kọ́ fura sí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó fi téèpù ìdánwò tó ní ìró 3,150 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) sínú rẹ̀, ó sì bá a ní 3,150 géérégé. Ó yẹ C-60 wò. Iná NEPA ni wọ́n fi gba ìyẹn, ìró wìn-ìn-ìn iná náà sì wà ní 50 Hz bó ṣe yẹ kó wà. Ó wá hàn pé rẹ́kọ́dà ló ṣe ohun tó ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n gba C-90 kejì sílẹ̀. Kò sì sí wìn-ìn-ìn iná kankan lórí C-90 náà tí a lè fi wọ̀n ọ́n.

Ìyá Kékeré ló la ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ni ìyàwó tó tẹ̀lé Ìyá Àgbà, wọ́n ṣì wà láàyè ní Ọ̀fà, kò sì sí ẹni tó rò ó láti bi wọ́n léèrè. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n ní Ìyá ni, àwọn náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n rántí pé iná kò sí lọ́jọ́ yẹn, pé bátìrì àtijọ́ ni tíṣà lò, àti pé wọ́n ti sá bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sóòrùn láti àárọ̀ kí wọ́n lè lágbára díẹ̀.

Bátìrì tí a sá sóòrùn a máa sọjí fún ìgbà díẹ̀, agbára rẹ̀ a sì tún máa relẹ̀ kíákíá. Bí agbára ṣe ń relẹ̀ ni mọ́tò rẹ́kọ́dà ń rọ, tí téèpù sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí máa ń rú ọ̀pọ̀ lójú, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí bátìrì bá rẹ̀ nígbà tí à ń gbọ́ téèpù, ohùn á máa fà. Ìdàkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ bó bá jẹ́ ìgbà tí à ń gba ohùn sílẹ̀ ni bátìrì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ há sórí téèpù kékeré, bí a bá sì wá fi ẹ̀rọ tó dára gbọ́ ọ ní ìyára tó yẹ, ọ̀rọ̀ náà á sáré, ohùn á sì ga. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ kò ní ṣì síra wọn, nítorí náà ọ̀rọ̀ yóò yéni yékéyéké. Ẹni tó ni ohùn ni a kò ní dá mọ̀.

Báwo ni a ó ṣe mọ iye tó fi sáré? Rédíò Bàbá àgbà ló dáhùn. Wọ́n máa ń gbọ́ ìròyìn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù, rédíò náà sì ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ohùn Ìyá. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kejìlá, ó lu aago: pí márùn-ún kúkúrú, ìkẹfà tó kẹ́yìn sì gùn. BBC ti ń lu aago yìí láti 1924. Ìró rẹ̀ jẹ́ 1,000 Hz, ìbẹ̀rẹ̀ pí kan sí ìbẹ̀rẹ̀ èkejì sì jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko. Lórí téèpù Ìyá, wọ́n bá a ní 1,060 Hz, àlàfo pí sí pí sì jẹ́ nǹkan bí 0.94. Téèpù ń fi 6% sáré níbẹ̀.

Àmì kan kò tó, nítorí bátìrì kò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìṣẹ́jú kọkànlélógójì, Bàbá ti yí rédíò sí ilé-iṣẹ́ ìròyìn ilé, wọ́n sì gbé orin jùjú kan sí i, èyí tí ẹ̀dà àwo rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kó àwo jọ. Wọ́n fi gìtá inú àwo wé ti inú téèpù: ti téèpù fi 12% ga jù. Àmì méjì nìyí, a sì lè fa ìlà láàárín wọn. Bí a bá fà á sẹ́yìn, ìbẹ̀rẹ̀ téèpù ti ń fi nǹkan bí 3.5% sáré. Bí a bá fà á síwájú, òpin rẹ̀ yóò tó 12.8%. Nínú Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣàtúnṣe ohùn, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ Sliding Stretch ló ṣe iṣẹ́ náà: wọ́n fún un ní -3.4% fún ìbẹ̀rẹ̀ àti -11.3% fún òpin, fún ìyára àti fún gíga ohùn bákan náà. Iye tí a dín kò dọ́gba pẹ̀lú iye tó fi ga jù, nítorí 1 tí a pín pẹ̀lú 1.128 ló ń fúnni ní 0.887. Ojú téèpù olóìṣẹ́jú 45 náà di ìṣẹ́jú 48 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Wọ́n tún wọn aago BBC lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n sì bá a ní 1,000 Hz.

Wọ́n gbé e padà lọ sí Ọ̀fà. Àbúrò bàbá tó ní kí wọ́n pa á gbọ́ ìlà mẹ́rin péré, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá Ìyá lóhùn bí ẹni pé wọ́n wà nínú yàrá, ó ń dúpẹ́ oríkì tí wọ́n ki í.

Èwo ni ti Ìyá, èwo ni ti gbogbo ilé

Iṣẹ́ tó pẹ́ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kíkọ ohùn náà sílẹ̀. Ìsáré ọ̀rọ̀ nínú oríkì kún fún ìpajẹ. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta a máa rún pọ̀ di ọ̀kan, ẹni tó bá sì kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i yóò ṣi í kà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ló kọ ọ́. Akéwì náà rò pé òun lè dá a kọ ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ju oṣù mẹ́ta lọ. Ọ̀nà tó padà ṣiṣẹ́ ni pé kó gé ohùn sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kó kọ ohun tó gbọ́, kó fi àmì ìbéèrè síbi tí kò dá a lójú, kó sì ka gbogbo rẹ̀ sókè fún Ìyá Kékeré. Wọn kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n etí wọn máa ń mú ohùn tó bá ṣì, bó ti wù kó kéré tó.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kejì ti yọjú. Àwọn ìlà tí akéwì náà fẹ́ràn jù, tó sì ti ń sọ fún ayé lórí ìtàgé pé ìyá àgbà òun ló dá wọn, kì í ṣe ti Ìyá nìkan. Oríkì orílẹ̀ ni wọ́n, ti Ìyèrú Ọ̀kín, èyí tí ìyàwó ilé èyíkéyìí tó gbọ́ oríkì lè fi ki ọmọ Ọ̀fà, láti orí ìjàkadì tó jẹ́ orò wọn títí dé orí ọba wọn. Ohun tí Ìyá Àgbà dá fúnra wọn wà níbòmíràn, níbi tí akéwì náà ti ń yára kọjá: oríkì àbísọ àwọn ọmọ-ọmọ, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bá ọkọ wọn ṣàwàdà nínú oríkì, orúkọ igi ọ̀gbàlá, orúkọ oníbàárà wọn lọ́jà. Bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ ojúmọ́ wọnú ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá láìjẹ́ kí a rí ojú ìrán náà ni ẹ̀bùn wọn. Ìyẹn gan-an ni akéwì náà jogún láìmọ̀, kó tó gbọ́ téèpù yìí. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó fi àwọ̀ inki méjì kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀kan fún ohun tí gbogbo ilé ní, ọ̀kan fún ohun tí ẹni náà dá. Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, a ó máa yin ẹni wa fún ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, a ó sì fi ohun tó jẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Ohùn kejì wà lórí téèpù pẹ̀lú, ó ń gbè, ó ń parí ìlà, nígbà mìíràn ó ń rán Ìyá létí orúkọ tí wọ́n gbàgbé. Ohùn Ìyá Kékeré ni. Nínú àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, akéwì náà ti da ohùn méjèèjì pọ̀ sábẹ́ orúkọ Ìyá Àgbà. Wọ́n tún un ṣe, orúkọ Ìyá Kékeré sì wà lára àwo náà gẹ́gẹ́ bí elégbè.

Ìṣẹ́jú méje kan wà nínú C-120 tí Ìyá Àgbà fi ń bá ẹnì kan wí, ọ̀ràn ilẹ̀ àti owó orí, àwọn ọmọ ẹni náà sì wà nínú ẹbí lónìí. Ẹbí jókòó lé e lórí, ó sì gba ìjókòó méjì. Wọ́n fẹnu kò pé kó wà nínú fáìlì ìpamọ́, ṣùgbọ́n kó má jáde. Ó dára bí wọ́n ṣe kọ ìpinnu yìí sílẹ̀ tí wọ́n sì fọwọ́ sí i, nítorí ẹni tó bá gba fáìlì náà lẹ́yìn ọ̀la lè má mọ̀.

Ewì tó kùnà àti èyí tó yè

Láti ìgbà tí àwọn akéwì bí Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti Lánrewájú Adépọ̀jù ti ń gbé ewì sórí àwo ni etí wa ti mọ́ ewì tí orin wà lábẹ́ rẹ̀. Akéwì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gé ohùn Ìyá wẹ́wẹ́, ó tò ó sórí dùrù, ó sì yọ gbogbo ibi tí wọ́n ti mí kúrò kí ohùn lè bá ìlù mu. Ó dùn létí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní Ọ̀fà, Ìyá Kékeré ní, «O ò jẹ́ kí wọ́n mí.»

Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí tọ́ka sí ni pé ibi tí ẹni tó ń ki oríkì ti ń mí ni òpin ìlà wà, nínú àlàfo yẹn náà sì ni elégbè ti ń wọlé. Bí a bá yọ ọ́, ìlà á kan ìlà, orúkọ ẹnì kan á lẹ̀ mọ́ ìyìn ẹlòmíràn, ẹni tó mọ oríkì kò sì ní rí àyè dáhùn. Dùrù pẹ̀lú fa wàhálà. Ohùn rẹ̀ dúró gbọn-in lójú kan, ohùn Ìyá sì ń lọ sókè sódò láàárín, kò sì sí àtúnṣe ẹ̀rọ tó lè mú kí wọ́n bára mu tí kò ní ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ lè bá a lọ, tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí kò ní gíga ohùn kan pàtó.

Ó da gbogbo rẹ̀ nù. Nínú èyí tó jáde, ohùn Ìyá Àgbà lọ ní odindi fún ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú rédíò, pẹ̀lú adìyẹ, láìgé. Akéwì náà wọlé níbi tí elégbè máa ń wọlé, nínú àlàfo èémí, ó gbe ìparí ìlà bó ṣe máa ń gbe é nígbà tó wà lọ́mọdé. Díẹ̀díẹ̀ ni ìdáhùn rẹ̀ ń gùn sí i, títí tó fi di ewì tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú igi tó wà níwájú ilé rẹ̀. Kò fara wé ohùn Ìyá. Èmi gbà pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti dára. Ẹni tó bá fara wé ohùn òkú tó ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí àwo kan náà, yóò tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró sí ipò tó wà nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́, tó sì dáhùn láti ibẹ̀, a ó gbọ́ àwọn méjèèjì.

Ìpamọ́

Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti padà sí Ọ̀fà, wọ́n dúró lóòró nínú ike oníbàámù nínú yàrá, kì í ṣe ilé ìdáná, téèpù wọn ti yí dé òpin ojú kan. Ẹ̀dà WAV mẹ́ta ló wà: ọ̀kan lórí ẹ̀rọ ìpamọ́ lọ́wọ́ akéwì ní Ìbàdàn, ọ̀kan lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ ní Ọ̀fà, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀dà tí a kò tún ìyára rẹ̀ ṣe wà pẹ̀lú èyí tí a tún ṣe, ìwé kékeré kan sì wà nínú fódà náà tó sọ ibi tí aago BBC wà, iye tí a wọ̀n, àti iye tí a fi tún un ṣe, kí ẹni tó bá ní irinṣẹ́ tó dára ju tiwa lọ lè tún bẹ̀rẹ̀ láti orí téèpù gan-an. MP3 ni wọ́n pín fún ẹbí lórí WhatsApp. Ojú téèpù náà kò ju mẹ́gábáìtì 47 lọ ní 128 kbps. Ní ọdọọdún, ní ọjọ́ ìrántí Ìyá, ẹni tó bá ní ẹ̀dà lọ́wọ́ yóò ṣí gbogbo fáìlì, yóò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin wọn, bí ẹ̀rọ ìpamọ́ bá sì ti lé ní ọdún márùn-ún, yóò da gbogbo rẹ̀ kọ sórí tuntun.